Ife àti Ìjánu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ bàbá arúgbó kan lára ní ọdún 2019. Òǹtẹ̀ ni bàbá náà ń gbẹ́ ní Malu Road, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti ń wo Àpápá lójú. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó mú òtítọ́ wá bá a, kì í sì í ṣe babaláwo tàbí wòlíì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó mú un bọ̀ láti iléèwé, lórí ìwé fótókọ́pì kan tí ó ká sí mẹ́rin sínú báàgì rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Malu Road yóò jẹ́rìí pé títì náà kì í sùn. Orúkọ màlúù ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni tírélà, dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, alágbàrù, àwọn ọmọ iléèwé nínú yúnífọ́ọ̀mù oríṣiríṣi, àti àwọn oníṣòwò tí wọn kò jọ sọ èdè kan náà nílé ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń ná ọjà. Ìlàjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Yorùbá mìíràn. Ìjọ̀, Urhobo àti Ígbò wà níbẹ̀. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí tí gbogbo wọn fi wá: ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ojú omi ni ajé náà sì gbà wọlé. Láti ọdún 1926 tí èbúté Àpápá ti ní ibùdó ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ òkun, títí kan ọdún 1977 tí a ṣí èbúté Tin Can Island, iṣẹ́ ẹrù ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní agbègbè náà. Ẹrù kì í sì í dá rìn. Ìwé ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀, òǹtẹ̀ ni ó sì ń fún ìwé lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Nínú òǹtẹ̀, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní sítáǹpù, ni bàbá yìí ti jẹun. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Igbá ni bàbá tirẹ̀ ń fín, àwọn igbá fínfín tí a fi ń mọ Ọ̀yọ́ láàárín ìlú. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé Èkó ní ọdún 1967, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ẹni tí ó ń wá afíngbá ní Àpápá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí ń gbẹ́ òǹtẹ̀ rí bí ọwọ́ rẹ̀ ti rí, ó sì gbà á sí iṣẹ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ rọ́pò igbá, abẹ tín-ínrín rọ́pò ọ̀bẹ ìfíngbá. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe àjèjì sí i ni kíkọ ọ̀rọ̀ ní òdì, nítorí pé ohun tí ó bá wà lápá òsì lára òǹtẹ̀, apá ọ̀tún ni yóò bọ́ sí lórí ìwé. Láàárín ọdún méjì, ó ti lè ka ìwé ìròyìn nínú dígí láìkọsẹ̀. Ní ọdún 1973, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní fírídọ̀ọ̀mù, ó gbé tábìlì tirẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, ó sì di ọ̀gá láàyè ara rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí wà ní kíláàsì kejì iléèwé girama àgbà, iṣẹ́ ọnà sì wà lára ohun tí ó ń kọ́.

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó, sà. Olùkọ́ wa ní kí a dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí àwòrán yìí kí ó tó di ọjọ́ Ajé."

"Gbé e wá kí n rí i."

Obìnrin kan ni ó wà nínú àwòrán náà. Ara rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó sígbọnlẹ̀, ó nípọn ní ìbàdí. Kò wọ aṣọ, àfi ọ̀já kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ́ ńlá méjì sì hù lẹ́yìn rẹ̀ bí ti àṣá. Orí òbíríkítí kékeré kan bíi bọ́ọ̀lù ni ó dúró sí, lókè lójú òfuurufú, àwọsánmà sì ká jọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìṣẹ́po aṣọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlú kékeré kan wà láàárín àwọn òkè, pẹ̀lú odò, afárá, àti àwọn ilé tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ọwọ́ kan obìnrin náà na ife olómorí kan síwájú. Ìjánu ẹṣin ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, tí okùn rẹ̀ ń fì.

Ìbéèrè kìíní béèrè bí a ti ṣe àwòrán náà. Bàbá fa awò tí ó fi ń wo lẹ́tà kéékèèké yọ, ó sì tẹ̀ mọ́ ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ìyẹ́ obìnrin náà, níbi tí ìlà wẹ́wẹ́ tò ti ara wọn láìfi ara kan ara. Ó wo ikùn rẹ̀, níbi tí ìlà tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀lé ara tí ó sì ń tín-ín-rín títí ó fi pòórá.

"Ẹni tí ó ṣe èyí kò yà á," ni ó wí. "Ó fín in ni. Irin ni ó sì fi fín in, nítorí pé gègé kì í bẹ̀rẹ̀ ní fífẹ̀ kí ó parí ní ṣóńṣó báyìí. Ọwọ́ ni ó ń dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀."

Òótọ́ ni ó sọ. Bàbà pẹlẹbẹ tí a ti dán bí dígí ni irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Irin ìfín rẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó, orí èèkù rẹ̀ rọ̀gbà, ó sì wọ inú àtẹ́lẹwọ́ dáadáa. Oníṣẹ́ kì í fa irin náà bí ẹni ń fa gègé; ó ń tì í síwájú ni, ó sì ń fi ọwọ́ kejì yí bàbà náà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ kí ìlà tẹ̀. Bí fínfín bá parí, yóò fi tàdáwà pa gbogbo ojú bàbà náà títí yóò fi wọ inú àwọn ìlà, lẹ́yìn náà yóò nù ún kúrò lójú, kí ó lè ku ti inú ìlà nìkan. Yóò wá tẹ́ ìwé tí a ti rin díẹ̀ lé e lórí, yóò sì gbé wọn gba àárín òpó méjì tí ń yí nínú ẹ̀rọ. Ìfúnpọ̀ yẹn ni yóò ti ìwé wọ inú ìlà lọ láti lọ gbé tàdáwà jáde.

Nígbà tí ọmọ náà ka àlàyé yìí sí i létí láti ẹ̀yìn ìwé, bàbá pàtẹ́wọ́. "Igbá ni, kì í ṣe òǹtẹ̀! Lára òǹtẹ̀, ibi tí a kò gé ni ó ń sọ̀rọ̀. Lára igbá, ibi tí a gé gan-an ni. Ọkùnrin yìí, iṣẹ́ bàbá mi ni ó ń ṣe."

Ọkùnrin náà ni Albrecht Dürer, ọmọ ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, tí a bí ní ọdún 1471 tí ó sì kú ní 1528. Òun náà jogún ọwọ́ rẹ̀ ni. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, ní ìsọ̀ bàbá yìí ni ó sì ti kọ́kọ́ di irin mú kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán Michael Wolgemut ní 1486. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í ṣe kàyéfì bí ó bá rí ife ọwọ́ obìnrin náà, tí gbogbo kókó ara rẹ̀ hàn kedere bí ife tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú alágbẹ̀dẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1501 sí 1502 ni ó fín àwòrán yìí. Ìlú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìlú inú àlá; Klausen ni, láàárín àwọn òkè Alps lójú ọ̀nà Ítálì, níbi tí Dürer ti kọjá nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́. Àkókò ti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń padà sínú ìwé àtijọ́ Gíríìsì àti Róòmù ni àkókò rẹ̀. Gbólóhùn akéwì Ítálì kan, Angelo Poliziano, ni àwọn olùwádìí sì gbà pé ó fún un ní àpèjúwe obìnrin oníyẹ̀ẹ́ náà.

Ìbéèrè kejì béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́, àti ìtumọ̀ ohun tí ó mú lọ́wọ́. Nemesis ni Dürer fúnra rẹ̀ pè é nínú ìwé ìrìnàjò tí ó kọ nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Netherlands ní 1520 sí 1521. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Gíríìsì, ọmọ Òru ni Nemesis, gẹ́gẹ́ bí akéwì Hesiod ti sọ. Rhamnous ni wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì rẹ̀ sí, kò sì jìnnà sí Marathon. Arìnrìnàjò Pausanias sọ ìtàn kan nípa ère tí ó wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ ogun Páṣíà ń bọ̀ wá jà ní Marathon, ní ọdún 490 kí a tó bí Jésù, ìṣẹ́gun dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé òkúta mábù wá pẹ̀lú ara wọn láti fi gbẹ́ àmì ìṣẹ́gun. Wọ́n ṣubú lójú ogun. Òkúta ìgbéraga wọn yẹn ni àwọn ará Gíríìsì fi gbẹ́ ère Nemesis.

Olùkọ́ ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé kí àwọn ọmọ pè é ní "òrìṣà agbẹ̀san." Ibí yìí ni bàbá ti jiyàn.

"Rárá o. Agbẹ̀san ni ẹni tí a ṣẹ̀, tí ó wá mú idà. Ta ni ó ṣẹ obìnrin yìí? Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbẹ̀san ni, kí ni ó ń fi ife ṣe? Ẹ̀san ni kí o pè é. Ẹ̀san kì í ṣe ìyà nìkan. Ẹni tí ó ṣe rere ń gba ẹ̀san, ẹni tí ó ṣe ibi ń gba ẹ̀san. Sísan ni. Bí a ti ń san owó iṣẹ́ náà ni."

Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ èdè dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé ohun tí Dürer ní láti lo ọwọ́ méjì láti gbé. Ife ni ère fún ẹni tí ó rìn dáadáa. Ìjánu wà fún ẹni tí ó ń sá eré àsápajúdé. Ìjánu yìí kò sì ṣe àjèjì nínú èdè. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ láti má ṣe jẹ́ kí ìbínú tàbí ojúkòkòrò gbé e, ìkóra-ẹni-níjàánu ni a ń pè é. Ọ̀yọ́ tí ó fi ẹṣin jagun mọ ohun tí ó ń sọ: ìjánu kì í pa ẹṣin, kì í sì í nà án. Ó kàn ń rán an létí pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú èdè Yorùbá, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó di okùn náà mú. Ìgbà tí kò bá dì í mú ni obìnrin oníyẹ̀ẹ́ á mú tirẹ̀ wá.

Ìbéèrè kẹta ni ó gùn jù: kí ni ó jọ ọ́ nílé? Ọmọ náà fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya, nítorí pé olùkọ́ ti fi hàn wọ́n ní kíláàsì. Ọmọ Urhobo ni Onobrakpeya, a bí i ní Agbarha-Otor ní ọdún 1932. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní St. Gregory's College ní Èkó láti 1963 sí 1980. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, òun ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Kò ya àwọn ẹbọra inú ìwé náà bí ìgbà tí a bá ń ya ènìyàn. Ó jẹ́ kí wọ́n di ọnà, ara wọn kún fún ìlà àti ojú àti apẹẹrẹ bí aṣọ àdìrẹ. Òun náà fín irin, ó sì tún wá ọ̀nà tirẹ̀ láti mú kí ìlà jìn kí àwòrán sì wú sókè lára ìwé. Ní Òṣogbo pẹ̀lú, ní àwọn ọdún 1960, Twins Seven-Seven fín iwin àti ẹranko abàmì sára irin. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ fínfín yìí jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un. "Kọ Ilẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Ti wọn ń fò lókè, tiwa wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí tí ilẹ̀ kò ní í rí i."

Gbogbo iṣẹ́ náà ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún fẹ́ ka ohun tí olùkọ́ kọ nípa lẹ́tà méjì tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà: A ńlá kan tí ó ya ẹsẹ̀, D kékeré sì jókòó láàárín ẹsẹ̀ náà. Àmì Dürer ni. Ó fi í sára iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń lu òǹtẹ̀, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí jí i. Giorgio Vasari, tí ó kọ ìtàn ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì, sọ pé Marcantonio Raimondi fín àwòrán Dürer lẹ́yọ-lẹ́yọ pẹ̀lú àmì náà lára, tí inú sì bí Dürer tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ fẹjọ́ sùn ní Venice. Ohun tí wọ́n dá fún un níbẹ̀ kò ju pé kí ẹlòmíràn má ṣe lo àmì rẹ̀ mọ́. Ní 1511, Dürer tẹ ìkìlọ̀ sí òpin ìwé rẹ̀ fún àwọn olè iṣẹ́ ọlọ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1512, ìgbìmọ̀ ìlú Nuremberg pàṣẹ fún àjèjì kan tí ń ta àwòrán tí ó ní àmì èké náà pé kí ó pa gbogbo àmì náà rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gba ọjà rẹ̀.

"Bàbá àgbà," ni ọmọ náà fi ẹ̀rín béèrè, "ká ní obìnrin yìí dé Malu Road lónìí, èwo ni yóò fún yín, ife ni tàbí ìjánu?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó ká awò rẹ̀, ó sì ní kí ó lọ jẹun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985, ọkùnrin kan wá bá a ní ìsọ̀. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọjà wọlé láti òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ìwé náà sì ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Ọkùnrin náà mú ìwé kan tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ó bá òun gbẹ́ irú rẹ̀. Owó tí ó kà sílẹ̀ tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Bàbá mọ ohun tí ó jẹ́. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tan àtùpà, ó sì gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa; èyí ni ó ń dùn ún jù, pé inú rẹ̀ dùn sí bí ó ti gbẹ́ ẹ tó.

Kò gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni ó rán, ọmọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ti lo ọdún mẹ́rin nínú ọdún márùn-ún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Inú ọ̀rá búrẹ́dì ni ó di òǹtẹ̀ náà sí. Wọ́n mú ọmọ náà lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ó ní òun ni. Wọn kò gbà á gbọ́, wọ́n fún un ní abẹ àti rọ́bà, wọ́n ní kí ó gbẹ́ lẹ́tà mẹ́ta níwájú àwọn. Ó gbẹ́ ẹ láìsí àbùkù kankan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni ó dá a lẹ́bi.

Oṣù méje ni ó lò ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá kò lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ náà wá, ó sọ fún un pé àwọn ń sapá. Nígbà tí ọmọ náà jáde tí ó sì padà sí ìsọ̀, ọ̀gá fún un ní owó ọkọ̀, ó ní kí ó lọ sinmi ná. Kò padà wá mọ́. Ní ọdún 1986, ìjọba fa òfin ìwé àṣẹ náà ya, òǹtẹ̀ tí ọmọ ènìyàn tìtorí rẹ̀ lo oṣù méje sì di rọ́bà lásán.

Láti ìgbà náà, bàbá mọ ibi tí ọmọṣẹ́ náà wà. Ó ń ta wáyà àti gílóòbù iná ní ọjà Bọ́ńdà, kò jìnnà rárá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀rín béèrè ìbéèrè yẹn, ó yé e pé òun ti wọ ìjánu láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Òun ni ó ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọjà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, ó gba iwájú.

"Ẹ kú ọjà o."

Ọkùnrin tí ó wà láàárín wáyà gbójú sókè. Irun rẹ̀ ti funfun. "Ọ̀gá? Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Bàbá kò lè jókòó. Ó sọ ohun tí ó bá wá ní ìdúró, láìfi òwe kankan bò ó: òun ni òun gbẹ́ ẹ, òun mọ ohun tí ó jẹ́, òun rán an, òun sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ba, ọkùnrin náà sì sáré di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ má fi mí ṣẹ́ èpè. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé."

"Kí ni kí n wá ṣe fún ọ?"

Ọkùnrin náà dákẹ́ títí oníbàárà kan fi ra gílóòbù méjì tí ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọdún kan ni ó kù, ọ̀gá. Ìyá mi ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù mi. Aṣọ náà ni a fi sin ín."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun kò dárí jì í.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n to àga mẹ́wàá síwájú ilé bàbá ní Malu Road. Kọ̀ǹpútà ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òǹtẹ̀ nígbà náà; ẹ̀rọ ni ó ń gé e, ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ti kọ̀ jálẹ̀ pé ọwọ́ ni òun yóò fi gbẹ́ òǹtẹ̀ tí a ó lù sára ìwé ẹ̀rí náà. Orúkọ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀, ní òdì, pẹ̀lú ọdún 1981 tí ó wọ iṣẹ́. Ó gbé e fún un kí ó wò ó.

Ọkùnrin náà yí i sí ìmọ́lẹ̀. "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ lẹ́tà yìí wọ́."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni."

Ó na ọwọ́ gba abẹ. Láti ọdún 1985 kò tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ó fi àtàńpàkò kan ti rọ́bà náà, ó gé òyé kékeré kan kúrò lára ẹsẹ̀ lẹ́tà náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì dá a padà. Bàbá tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó lù ú sára ìwé, ó gba àdúrà bí ọ̀gá ti ń gbà á fún ọmọṣẹ́ tí ó ń tú sílẹ̀, ó sì kó àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ fún un nínú aṣọ. Wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó mọ ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀.

Ọkùnrin náà kò di agbẹ́-òǹtẹ̀. Wáyà ni ó ṣì ń tà. Ṣùgbọ́n ó kan ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀, sókè àwọn gílóòbù, bàbá sì ń gba iwájú ọjà Bọ́ńdà kọjá bí ó bá ń lọ sí ọjà.

Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá náà, ọmọ iléèwé yẹn kò fi "agbẹ̀san" sínú ìdáhùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Ẹ̀san ni orúkọ obìnrin náà ní èdè Yorùbá, pé ife àti ìjánu ni ó mú lọ́wọ́, àti pé bàbá òun àgbà ní ẹni tí ó bá tètè kó ara rẹ̀ níjàánu kò ní í dúró de tirẹ̀. Olùkọ́ fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn náà, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun yóò yí ìwé náà padà fún àwọn ọmọ ọdún tí ń bọ̀.